Àárín Òkè ni Iṣẹ́ Wà

Òkè kan wà tí mo máa ń gùn nígbà òtútù, tó ga ju 1,000 mítà lọ láti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orí rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Alpe du Zwift ni wọ́n ń pè é. Inú Zwift, ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń lò nínú ilé, ni òkè náà wà, ní erékùṣù Watopia tí àwọn tó ṣe ètò náà dá sílẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀nà tó gùn ún lọ sókè tó 12.2 kìlómítà, gíga rẹ̀ jẹ́ 1,036 mítà, gẹ̀rẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpíndọ́gba, èyí tó já sí pé bí èèyàn bá ti lọ síwájú ní 100 mítà, yóò ti gòkè ní mítà mẹ́jọ àtààbọ̀. Kọ́nà 21 ló wà lójú ọ̀nà yẹn.

Kì í ṣe inú òfìfo ni wọ́n ti fa ọ̀nà náà yọ. Ní ilẹ̀ Faransé, láàárín àwọn òkè Alps, ọ̀nà kan gbéra ní ìlú kékeré tó ń jẹ́ Le Bourg-d'Oisans, ó sì gòkè lọ sí Alpe d'Huez. Ìdíje Tour de France kọ́kọ́ gba ibẹ̀ ní 1952, Fausto Coppi ará Ítálì ló sì kọ́kọ́ borí níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni òkè ọ̀hún ti di ibi tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń forí lé láti gbogbo ayé kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ara wọn dán an wò. Wọ́n gbé àkọlé sí kọ́nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ti borí níbẹ̀ sí i, wọ́n sì ń ka àwọn kọ́nà náà sẹ́yìn, láti 21 nísàlẹ̀ títí dé 1 lókè. Nígbà tí Zwift ṣí òkè tirẹ̀ ní 2018, ojú ọ̀nà gidi yìí ni wọ́n tẹ̀ lé, kọ́nà sí kọ́nà. Ohun tó yí i ká ni wọ́n pààrọ̀, tó fi jẹ́ pé igbó kìjikìji ló wà lẹ́sẹ̀ òkè, tí yìnyín sì bo orí rẹ̀.

Ìlú Hull, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn sì lè gun kẹ̀kẹ́ láti ìkángun kan dé èkejì láìyí gíà. Bó bá di oṣù Kejìlá, ilẹ̀ á ti ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, omi á dì lójú títì, àwọn awakọ̀ kì í sì í rí agunkẹ̀kẹ́ dáadáa nínú òkùnkùn àti òjò winniwinni. Iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n wà nílé lọ́sàn-án. Nítorí náà, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, inú gáréèjì ilé wa ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, lórí ẹ̀rọ tí a gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lé, èyí tí àwọn ará Bìrìtéènì ń pè ní tọ́bò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó dáńtọ́, ka irú gígun bẹ́ẹ̀ sí ohun tí a fi ń di àlàfo títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé gígun òkè gígùn nínú ilé jẹ́ iṣẹ́ kan tó dá dúró láyè ara rẹ̀, tó ní ìwà tirẹ̀, tó sì lè fi ohun kan han èèyàn tí òkè gidi kì í sábà jẹ́ kó hàn. Àárín òkè ni ohun náà wà, láti nǹkan bíi kọ́nà 14 sí kọ́nà 7, níbi tí ìtara ìbẹ̀rẹ̀ ti tán tí òpin kò sì tíì yọjú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò rí i rí. A óò yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kúrò pátápátá, táyà àti rímù lápapọ̀, a óò sì gbé kẹ̀kẹ́ náà lé ẹ̀rọ kí ṣéènì lè kọ́ eyín irin tó wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ni irin rìbìtì wúwo kan wà, tó ń yí bí a bá ṣe ń fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dàlì. Irin òòfà tí iná mànàmáná ń fún lágbára ló ń dí i lọ́wọ́. Bí agbára òòfà náà bá ṣe pọ̀ tó ni ẹsẹ̀ á ṣe wúwo tó. Ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth láìdánu dúró: kọ̀ǹpútà ń sọ pé ojú ọ̀nà ti di ìdá 9, ẹ̀rọ á fún mọ́ ẹsẹ̀ mi, ẹ̀rọ á dáhùn pé 170 wáàtì, ìyẹn ìwọ̀n agbára ẹsẹ̀ mi, ni mò ń fi sí i, kọ̀ǹpútà á sì fi iye yẹn, pẹ̀lú ìwọ̀n ara mi tí mo ti kọ sílẹ̀ níbẹ̀, ṣírò bí àwòrán mi ṣe gbọ́dọ̀ yára tó lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá bu kílò kúrò nínú ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣe ń yára gòkè ju bó ti yẹ lọ, tí àwọn tó mọyì eré yìí sì ń ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí olè jíjà. Wọ́n kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Nǹkan kan tún wà nínú ètò náà tí àwọn èèyàn kì í sábà lóye. A lè pinnu bí ẹ̀rọ yóò ṣe fara wé gẹ̀rẹ́ tó. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án, ìdajì ló máa ń wà, ìyẹn ni pé gẹ̀rẹ́ ìdá 10 á rí bí ìdá 5 lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti mú òkè rọrùn fún ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gíà tí èèyàn yóò lò ló ń yàtọ̀. Iṣẹ́ tó máa gbé àwòrán náà dé orí òkè kò fi wáàtì kan ṣoṣo dín. Èmi ń gbé e dé ògidì, kí ìdá 10 jẹ́ ìdá 10 gan-an lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi mọ ìgbà tí ojú ọ̀nà yí padà kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ń sọ pé òkè irọ́ ni, ìṣirò ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ẹni tó wọn 70 kílò, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wọn kílò mẹ́jọ, ní láti gbé 78 kílò gòkè ní 1,036 mítà. Iṣẹ́ tí ìyẹn gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 793,000 júùlù. Bó bá fẹ́ ṣe é tán ní wákàtí kan, ó gbọ́dọ̀ máa fi 220 wáàtì sílẹ̀ láìsinmi fún gíga òkè nìkan, kí a tó ka afẹ́fẹ́ àti bí táyà ṣe ń lọ mọ́ ojú ọ̀nà, èyí tí Zwift náà ń ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá fẹ́ lo wákàtí kan àtààbọ̀, 147 wáàtì ni. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Òótọ́ ni pé ara mi kò kúrò lójú kan. Agbára tí ì bá gbé mi sókè ń di ooru nínú ẹ̀rọ, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè gbé ọwọ́ lé ìhà ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, kí n sì mọ̀ ọ́n lára pé ibẹ̀ gbóná. Iṣẹ́ tí mo ṣe ló wà nínú irin yẹn. Òkè lè máà sí. Iṣẹ́ náà wà.

Ooru gan-an ni ọ̀tá tí ẹni tó ń gun òkè nínú ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ múra sílẹ̀ dè. Nínú gbogbo agbára tí ara ń jó, nǹkan bí ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń dé orí pẹ́dàlì. Ooru ni gbogbo ìyókù. Ẹni tó ń fi 170 wáàtì gun kẹ̀kẹ́ ń tú ooru tó wà láàárín 500 sí 700 wáàtì jáde láti ara rẹ̀. Níta, afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń là kọjá ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Nínú gáréèjì, kò síbi tó ń lọ. Òógùn á kọ́kọ́ yọ níwájú orí, á gba ẹ̀bá imú sọ̀ kalẹ̀, á máa kán sórí irin kẹ̀kẹ́ láti àgbọ̀n, á sì gba ara irin náà wọ ibi tí àwọn bóòtù wà. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin. Mo ti rí kẹ̀kẹ́ ẹnìkan tí ó gùn nínú ilé láìnu òógùn kúrò lára rẹ̀, tí bóòtù ọrùn rẹ̀ sì ti dípẹtà débi pé wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ gé e jáde. Nítorí náà, mo máa ń tẹ́ táwẹ̀lì sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo máa ń gbé fáànù ńlá síwájú kí atẹ́gùn rẹ̀ lè bà mí láti àyà dé ojú, mo sì máa ń ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ díẹ̀ kí òtútù ìta lè wọlé. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, bí wákàtí bá ti ń gorí ara wọn, ọkàn á máa lù kíkankíkan sí i bí wáàtì kò tilẹ̀ yí padà. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bọ́ ẹsẹ̀ ni ara ń dà sábẹ́ awọ láti lè tutù. Ìlù ọkàn tó wà ní 140 ní kọ́nà 19 lè di 155 ní kọ́nà 6, kí ẹsẹ̀ má sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ òkè náà le. Gẹ̀rẹ́ àwọn kọ́nà àkọ́kọ́ máa ń lé ní ìdá 10, ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ sì ń yá, tí ojú ń wá kọ́nà tó kàn, tí àwọn tó ń gùn láti ibòmíràn ní ayé ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn fìrìfìrì. Ní tèmi, 165 wáàtì ni mo máa ń dá ara mi dúró sí níbẹ̀, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ó gba ìkóra-ẹni-níjàánu, nítorí pé nǹkan tó ń dun ẹni lẹ́sẹ̀ kò tíì sí, ohun tó ń dá ẹni dúró kò sì ju ìpinnu tí a ti ṣe sílẹ̀ lọ. Etí ni mo fi ń mọ òkè náà nígbà yẹn. Bí gẹ̀rẹ́ bá le sí i, ìró irin rìbìtì inú ẹ̀rọ á wálẹ̀, á di ìkùn tó rinlẹ̀. Bí mo bá wọ kọ́nà, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́ fún ìwọ̀nba mítà, ìró náà á gòkè, ẹsẹ̀ á sì fúyẹ́ lójijì. Ohun tó dára jù ní irú ibẹ̀ ni kí a yí gíà sókè kíákíá, kí wáàtì má baà já, nítorí pé ẹni tó bá sinmi ní gbogbo kọ́nà yóò ní láti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun ní gbogbo kọ́nà.

Lẹ́yìn náà ni àárín yóò dé.

Lórí Alpe d'Huez gidi, ojú ń rí nǹkan. Abúlé wà lójú ọ̀nà, ṣọ́ọ̀ṣì wà nítòsí kọ́nà 7, àfonífojì ń jìn sí i nísàlẹ̀ bí èèyàn ti ń gòkè, atẹ́gùn ń yí ìhà padà ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, agunkẹ̀kẹ́ tó bá sì rẹ̀ lè fara ti ògiri òkúta kó máa wo ilẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń gba ìrora sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń pín in sí wẹ́wẹ́. Nínú gáréèjì, kò sí èyí tó wà níbẹ̀. Ògiri kan náà ni, àpótí irinṣẹ́ kan náà ni, fáànù kan náà ló ń fẹ́ sí ibì kan náà lára. Àwòrán ojú tẹlifíṣọ̀n ń yí padà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú fi ń yé wò ó. Kẹ̀kẹ́ kì í fì sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ èèyàn bíi ti ojú títì, nítorí náà ibì kan náà ni ìjókòó ń tẹ̀ lára, àtẹ́lẹwọ́ náà a sì máa kú tipiri. Ohun tó kù ni iye wáàtì, ìlù ọkàn àti èémí.

Níbẹ̀ ni ọkàn ti ń bá èèyàn dúnàádúrà. Kì í pariwo. Á kàn dábàá pé kí a dín in kù sí 150 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí pé wákàtí kan pàápàá ti tó fún ìdárayá, pé iṣẹ́ ń bẹ lọ́la, pé kò sí ẹni tó ń wò. Òótọ́ sì ni, kò sí ẹni tó ń wò. Lórí òkè gidi, ẹni tó bá dá iṣẹ́ dúró lágbedeméjì ṣì ní ọ̀nà tó jìn láti padà sílé. Nínú gáréèjì, ẹni tó bá dúró ti dé ilé. Ẹsẹ̀ kan péré ló wà láàárín mi àti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo ka ipò yìí sí ohun iyebíye, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí pé kò sí ibòmíràn nínú ìgbésí ayé mi tí mo ti ń rí ìpinnu ara mi láìsí aṣọ lára rẹ̀ báyìí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, kò sí ìyìn, kò sí ewu. Bí ẹsẹ̀ ṣì ń yí, èmi ni mo fẹ́ kó yí.

Ọgbọ́n tí mo ń dá níbẹ̀ kò pọ̀. N kì í ka iye kọ́nà tó kù. Èyí tí mo wà nínú rẹ̀ ni mo ń gùn. Láti kọ́nà kan dé èkejì lè gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, mo sì máa ń pín in: mo máa ń jókòó ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo máa ń dìde dúró lórí pẹ́dàlì fún bí ogún ìtẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sí ìdí, mo sì máa ń mu omi tí mo ti po iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà mọ́ kí òùngbẹ tó gbẹ mí. N kì í wo fíìmù. Mo mọ ọ̀pọ̀ tó ń wò ó, n kò sì bá wọn jà, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tó bá fi fíìmù bo àárín òkè kò gun òkè náà tán. Orin ni mo lè gbà, òun náà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ orin kéékèèké tó ń parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwo jùjú àtijọ́ ló dára jù, irú èyí tí orin kan ń wọnú òmíràn láìdánu dúró títí ojú kan àwo yóò fi tán, tí gìtá ń tẹ̀lé ara wọn, tí gángan ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn láìkánjú. Ẹni tó ṣètò orin bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń gbé agbára pamọ́ fún iwájú.

Nígbà tí màámi wá kí wa láti Ìdànrè, wọ́n bá mi ní ìdí iṣẹ́ yìí lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n tún wo ilẹ̀ tí òógùn ti rin.

"Àbẹ̀kẹ́, ibo lo dé báyìí?"

"Kọ́nà kẹwàá ni, mà."

"Ṣé kò síbi ìsinmi lójú ọ̀nà yẹn ni?"

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè mọ ohun tó mú ìbéèrè yẹn wá. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló lọ sókè níbẹ̀, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà tí èèyàn lè jókòó sí kó fi mí. Ìran tó ti gbé orí òkè náà kí wọ́n tó ṣí wá sísàlẹ̀ ni màámi ti wá, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ òkè ṣeré. Mo sọ fún wọn pé kò sí ibi ìsinmi kankan. Wọn ò bi mí ní ìdí tí mo fi ń ṣe é. Wọ́n fa fáànù súnmọ́ mi, wọ́n gbé àga kan wá, wọ́n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà àwọn kọ́nà náà sókè bí a ṣe ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan: mẹ́sàn-án, ó ti di mẹ́jọ, méje rèé. Mo wo àkọsílẹ̀ wáàtì mi lẹ́yìn náà. Kò yàtọ̀ sí ti àwọn ìgbà tí mo dá wà, ó sì dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n fún mi kò sí nínú wáàtì.

Mo ti sọ pé kò sí ẹni tó ń wò, àmọ́ àwọn èèyàn wà lójú ọ̀nà. Àsíá orílẹ̀-èdè ẹnìkọ̀ọ̀kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú ní Hull, ọ̀sán ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì wà, a ó sì jọ wà ní kọ́nà kan náà. A lè tẹ àmì àtàǹpàkò kan láti kí ara wa. Ó ṣọ̀wọ́n kí n tó rí àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun ti Nàìjíríà, ó sì yé mi. Ẹ̀rọ náà wọ́n. Ẹni tó bá sì fẹ́ gun òkè yìí ní Èkó tàbí Ìbàdàn ní láti ronú nípa iná àti dátà kó tó ronú nípa gẹ̀rẹ́, nítorí pé bí iná bá lọ ní kọ́nà 8, òkè náà lọ nìyẹn. Bí mo bá rí àsíá náà, mo máa ń kí ẹni náà, mo sì máa ń dúró tì í bí ẹsẹ̀ wa bá ṣe déédéé.

Àjọ UCI tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé kò fojú kékeré wo iṣẹ́ inú ilé yìí. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ rẹ̀, lórí Zwift, ní Watopia, wọ́n sì rí i dájú pé ẹ̀rọ irú kan náà ni wọ́n fún àwọn olùdíje kí ìwọ̀n má baà yàtọ̀. Jason Osborne ará Jámánì ló borí láàárín àwọn ọkùnrin. Láàárín àwọn obìnrin, Ashleigh Moolman-Pasio ará Gúúsù Áfíríkà ni, ó sì gba aṣọ aláràbarà ti akọni àgbáyé bí wọ́n ṣe ń fún àwọn tó borí lójú títì. Ìròyìn yẹn wú mi lórí bí ti Daniel Teklehaimanot ará Eritrea ṣe wú mi lórí ní 2015, nígbà tó wọ aṣọ funfun olójú pupa tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣíwájú nínú gígun òkè ní Tour de France, tí ó sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́. Asmara, olú ìlú Eritrea, ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní ohun tó lé ní 2,300 mítà. Àwọn èèyàn kan wà tí òkè jẹ́ ilé fún. Àwa yòókù ń wá a kiri, kódà nínú gáréèjì.

Nípa orí òkè, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn kọ́nà 1, ọ̀nà ṣì kù díẹ̀, lẹ́yìn náà ni èèyàn á kọjá lábẹ́ àsíá òpin, àgbá ẹ̀bùn kan á yí lójú tẹlifíṣọ̀n, á sì fún èèyàn ní nǹkan tí àwòrán rẹ̀ lè lò, èyí tí gbogbo èèyàn ń lé nínú wọn sì jẹ́ rímù kan tó fúyẹ́ púpọ̀. Inú mi máa ń dùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Àwòrán mi á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí pé mo yí pẹ́dàlì, èmi á sì máa mu omi.

Àwọn kan wà tí kì í sọ̀ kalẹ̀ láti sinmi bí kò ṣe láti tún gòkè. Ẹ̀gbẹ́ kan tó ti Australia wá, Hells 500, ló gbé òfin ohun tí wọ́n ń pè ní Everesting kalẹ̀: kí èèyàn máa gun òkè kan ṣoṣo léraléra, láìsùn, títí gíga tó ti gùn yóò fi tó ti òkè Everest, 8,848 mítà. Ohun tí George Mallory, ọmọ-ọmọ agunkè tó jẹ́ orúkọ kan náà, ṣe lórí òkè Donna Buang ní Australia ní 1994 ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n gba ti inú ilé náà wọlé, bí ẹ̀rọ bá ti ń fara wé gẹ̀rẹ́ ní ògidì. Lórí Alpe du Zwift, ó gba kí èèyàn gòkè ju ìgbà mẹ́jọ àtààbọ̀ lọ díẹ̀. N kò ní in lọ́kàn láti ṣe é, ara mi kò sì tó o. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú nípa wọn, nítorí pé láti ìgbà kejì títí di ìgbà keje, àárín nìkan ni wọ́n wà, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, mo sì mọ díẹ̀ nínú ohun tí ìyẹn ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn. Bí mo bá rí ẹnìkan lójú ọ̀nà tí ó hàn pé ó ń ṣe é, mo máa ń tẹ àtàǹpàkò fún un ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá.

Ven-Top ni mo fẹ́ dojú kọ nígbà òtútù tó ń bọ̀. Òkè Ventoux ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ni Zwift fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ó gùn tó nǹkan bí 20 kìlómítà, gíga rẹ̀ sì lé ní 1,500 mítà. Bí mo bá tún ìṣirò ti ìṣáájú ṣe, 78 kílò ní 147 wáàtì fún gíga nìkan, yóò gbà ju wákàtí méjì lọ, èyí tó já sí pé omi tí mò ń lò kò ní tó, fáànù kan kò sì ní tó. Mo ti ra èkejì, ẹ̀yìn ni màá gbé e sí. Ohun tí mò ń rò jù ni pé òkè yẹn kò ní kọ́nà 21 tí èèyàn lè máa kà sẹ́yìn. Ọ̀nà náà wọnú igbó, ó sì ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ́ fún ẹsẹ̀ níbì kankan, títí yóò fi yọ sí ibi tí kò sí igi mọ́. Mo fẹ́ mọ bí àárín òkè tí ẹnikẹ́ni kò fi nọ́ńbà pín ṣe ń rí lẹ́sẹ̀.